Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó yẹ kó máa fà ya bí òwú, kí ló dé tí tèmi le bí bàtà?

abeke_nc

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni mo gbé wá, ẹni tí kì í bá jẹ ẹ́ kó foríjì mí. Raleigh ni mò ń gbé, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin báyìí, àwọn ará North Carolina níbí tí wọ́n bá ti ní barbecue, kì í ṣe páátì ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń sọ o, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sun ún díẹ̀díẹ̀ títí á fi rọ̀ kẹ̀lẹ̀mù, wọ́n á wá fà á ya tàbí kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á wọ́n fíníga tó ta lẹ́nu sí i. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́ mo ń pòṣé ni, mo ní níbo ni nǹkan yìí wà látọjọ́ yìí.

Oṣù tó kọjá mo ní kí n dán an wò nílé. Mo ra èyí tí wọ́n kọ Boston butt sí lára (ṣebí ìdí ló ń jẹ́ butt, ó wá jẹ́ pé èjìká ni, ọ̀rọ̀ òyìnbó!), pọ́ùn 8 ó lé díẹ̀, mo gbé e sínú ófùn ní dígírì 350 (Fahrenheit ti ibí ni o), mo ń fi tẹmómítà gún un, nígbà tó dé 165 mo ní ó ti jinná nìyẹn, torí ohun tí mo kà ni pé 145 gan-an ti tó fún ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ gbà mí, ẹran yẹn le bí bàtà sójà. Fọ́ọ̀kì ò wọ̀ ọ́. Ọkọ mi jẹ ẹ́ o, ó ń jẹ ẹ́ ó ń wojú mi, ó ní ó dùn, àmọ́ gbogbo òkèlè ló ń fi omi tì lẹ́yìn, mo ṣáà ń wò ó.

Wàyí o, Sátidé tó ń bọ̀ yìí èèyàn 10 ló ń bọ̀ wá jẹun alẹ́ nílé wa, aago 6. Ará ibi iṣẹ́ ọkọ mi ni wọ́n, ọmọ ibí lèyí tó pọ̀ jù, àwọn tí bàbá bàbá wọn ti ń sun odindi ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá wọn. Mi ò ní smoker, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fi èéfín sun ẹran, ófùn kan péré ni mo ní, mo sì tún fẹ́ ṣe mac and cheese (makaróní oníwàràkàṣì), coleslaw, ẹ̀wà oníṣúgà wọn yẹn, àti búrẹ́dì àgbàdo. Báwo ni gbogbo ẹ̀ ṣe máa rí àyè nínú ófùn kan? Ọkọ mi ní kí n kúkú se jollof kí n din adìyẹ kó tán. Mi ò fẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n jẹ tiwọn lọ́wọ́ mi.

baba_eedu

Àǹtí Abẹ̀kẹ́, ẹ kú ìnáwó o. Ẹran yẹn ò bàjẹ́ rárá, ẹ kàn jí i lójú oorun ni.

Durham ni mo wà, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fi èédú àti igi hickory sun ẹran lẹ́yìn ilé, ìyàwó mi ní èéfín ti di lọ́fíńdà mi. 145 tí ẹ kà yẹn, òótọ́ ni, ìjọba ló sọ ọ́, tó bá dé ibẹ̀ tí ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú 3 kò ní ṣe yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kó má pa yín lára lọ̀tọ̀, kó rọ̀ lọ̀tọ̀. Ẹran ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ lè dùn jẹ ní 145 torí ibẹ̀ yẹn kì í ṣiṣẹ́. Èjìká ni ẹlẹ́dẹ̀ fi ń rìn láàárọ̀ lálẹ́, iṣan kún inú ẹ̀ bámúbámú, iṣan yẹn kì í sì í yọ́ àfi kó pẹ́ nínú ooru. Ẹ rántí bí ẹsẹ̀ màlúù ṣe máa ń ṣe, tí ẹ bá sè é fún wákàtí kan ẹ ẹ̀ lè gé e jẹ, tí ẹ bá wá sè é pẹ́ á máa lẹ̀ mọ́ ètè, ọbẹ̀ ẹ̀ tó bá sì tutù á dì bíi jẹ́lì. Nǹkan kan náà ni. 195 sí 203 ni kí inú ẹran yẹn dé. Tẹmómítà gan-an kọ́ ló máa dá a, eegun pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀ tó rí bí abẹ̀bẹ̀, ẹ di orí ẹ̀ mú kí ẹ yí i, tó bá ń bọ́ wẹ́rẹ́ láìjà, ó ti jinná. Tó bá ṣì ń bá yín fà á, ẹ dá a padà.

Ẹ gbé ooru ófùn sílẹ̀ sí 250, ẹ fi wákàtí kan àbọ̀ ṣírò pọ́ùn kọ̀ọ̀kan, pọ́ùn 8, wákàtí 12 nìyẹn, ó sì lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago 4 ìdájí ni kí ẹ gbé e wọlé. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń ṣépè fún mi.

Ohun tó máa dẹ́rù bà yín rèé, ẹ gbọ́ ọ sétí torí òun ló ń ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Tó bá ti dé nǹkan bíi 150 sí 170, á dúró sójú kan. Ẹ máa wo tẹmómítà wákàtí kan, wákàtí méjì, mẹ́ta, kò ní kúrò níbẹ̀, ìgbà mìíràn á tún padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe mí, mo ní tẹmómítà ti bàjẹ́, mo wa mọ́tò lọ ra òmíràn, tuntun náà ń sọ ohun tí àtijọ́ ń sọ. Ṣé ẹ rántí àmù tó máa ń wà ní kọ̀rọ̀ ilé màmá àgbà? Omi inú ẹ̀ máa ń tutù láìsí fíríìjì torí pé àmù yẹn ń làágùn, òógùn yẹn bó ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru lọ. Ẹran náà ń làágùn nínú ófùn ni, bí iná ṣe ń fún un ní ooru ni òógùn ń gbé e lọ, wọ́n á wá jọ dọ́gba. Ẹ má gbé iná sókè o! Tí ara ẹ̀ bá ti pọ́n dúdú dáadáa bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ fi fóìlì wé e ìpele méjì, kó fún pinpin, kó má rí ibi làágùn sí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà.

Tó bá jinná, bóyá aago 2 bóyá aago 3, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi fóìlì ẹ̀ sílẹ̀ lára ẹ̀, ẹ fi táwẹ̀lì àtijọ́ wé e, ẹ gbé e sínú kúlà tí ẹ fi ń gbé omi dídì lọ píkíníìkì, àmọ́ kò ní yìnyín nínú o, ẹ dé e pa. Wákàtí 3 á ṣì gbóná débi tí kò ní ṣeé mú dání. Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè ófùn yín wà: nígbà tí ẹran ń sinmi nínú kúlà, ófùn ti ṣófo, ẹ lè wá gbé ìyókù wọlé.

Ohun tí a máa fi pa á lára kò le. Iyọ̀, ṣúgà pupa, paprika, black pepper, aáyù gbígbẹ, àlùbọ́sà gbígbẹ, ata gígún wa díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi mọ́sítáàdì tín-ín-rín pa á kí nǹkan wọ̀nyẹn lè lẹ̀, òórùn mọ́sítáàdì ò ní kù níbẹ̀ tó bá jinná. Alẹ́ Fúráìdé ni kí ẹ ṣe é, kó sùn nínú fíríìjì kí iyọ̀ ráyè wọlé.

mama_kehinde_ldn

Brọ̀dá Eedu, aago 4 ìdájí kẹ̀? Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ máa padà lọ sùn nìyẹn. 😂

Abẹ̀kẹ́ mi, tí o bá ní slow cooker, ìkòkò iná mànàmáná tó ń se nǹkan díẹ̀díẹ̀ yẹn, gbé e sí i. London ni mo wà, òtútù ibí kì í jẹ́ kí n dúró níta sun nǹkan kan. Gé ẹran yẹn sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fi ata pa á, gé àlùbọ́sà sí ìsàlẹ̀, MÁ DA OMI SÍ I, ẹran fúnra ẹ̀ á sunkún tó. Low, wákàtí 8 sí 10. Má ṣe máa ṣí ìdérí ẹ̀ wò o, gbogbo ìgbà tó o bá ṣí i ooru tó ti kó jọ á sá lọ, á tún máa bẹ̀rẹ̀ láti wá a. Tó bá jinná kó o fà á ya, tẹ́ ẹ sórí tíréè, gbé e sábẹ́ iná òkè ófùn fún ìṣẹ́jú 5 kí etí ẹ̀ lè gbẹ díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba níbí, èjìká tí wọ́n ń tà fún wa ní súpámákẹ́ẹ̀tì, wọ́n sábà máa ń yọ eegun ẹ̀, wọ́n á ká a, wọ́n á fi okùn dì í, awọ á wà lára ẹ̀. Ẹ tú okùn yẹn, ẹ bó awọ ẹ̀ kúrò, torí awọ ò ní jẹ́ kí ata wọ ẹran. Ẹ yan awọ yẹn lọ́tọ̀ kó gbẹ kó máa hàn ká-ká-ká lẹ́nu, àwọn ọmọ mi ò kì í jẹ́ kó délẹ̀. 250 Fahrenheit tiwọn yẹn, bíi 120 Celsius tiwa ni.

baba_eedu

Màmá Kẹ́hìndé, ẹ ẹ̀ ní bí mi nínú, slow cooker á rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èèpo dúdú tó ń wà lára ẹ̀ yẹn ńkọ́? Èyí tó ta tó dùn tí ọmọ àti ìyá ń jà lé lórí. Omi ò lè jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò tí wọ́n dé. Ìyẹn ẹran sísè ni, ìyẹn kì í ṣe ẹran sísun. Fún àwọn ọmọ North Carolina? Àǹtí Abẹ̀kẹ́ ẹ jọ̀ọ́, ófùn ni kí ẹ lò.

mama_kehinde_ldn

Ẹ ti gbọ́, ẹ jí ní aago 4. Èmi á ti máa hanrun.

alhaja_htx

Salaam alaikum gbogbo ilé. Èmi ò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ o, ọ̀rọ̀ mac and cheese ló fà mí wọlé. 😄

Abẹ̀kẹ́, kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọkọ ẹ bóyá Mùsùlùmí wà nínú èèyàn 10 yẹn, tàbí ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ nítorí ìdí mìíràn. Wọn ò ní sọ fún ọ, wọ́n á kàn jókòó máa jẹ coleslaw. Tó bá wà, ọ̀nà kan náà yìí ni kó o lò fún chuck roast, ìyẹn èjìká màlúù, èyí tá à ń ṣe ní Texas níbí nìyẹn nígbà tí owó brisket (àyà màlúù) ò bá sí, òun náà máa ń fà ya tó bá ti dé bíi 200. Itan tòlótòló náà dára, ìyẹn ò tiẹ̀ ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní tíréè tirẹ̀, ọ̀bẹ tirẹ̀, fọ́ọ̀kì tirẹ̀. Wo ẹ̀wà ẹ dáadáa pẹ̀lú, bacon ni wọ́n sábà máa ń gé sínú ẹ̀, èyí tó wà nínú agolo gan-an ọ̀pọ̀ wọn lẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀, ka ara agolo kó o tó rà á. Mo ti jẹ irú ẹ̀ rí níbi páátì kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi, a dúpẹ́ pé Ọlọ́run mọ ọkàn wa.

Mac and cheese: ra wàràkàṣì odidi kó o rin ín fúnra ẹ. Èyí tí wọ́n ti rin sínú ọ̀rá yẹn, wọ́n fi ìyẹ̀fun pa á lára kó má baà lẹ̀ pọ̀, ìyẹ̀fun yẹn kì í jẹ́ kó yọ́ dáadáa, á máa ṣe hánrin-hànrin lẹ́nu. Ṣe é láàárọ̀, gbé e sínú fíríìjì, nígbà tí ẹran bá ti wọ kúlà kó o gbé e wọ ófùn ní 350. Ẹ̀wà náà wọlé pẹ̀lú ẹ̀, agolo ẹ̀wà, àlùbọ́sà, mọ́sítáàdì ṣíbí kan, ṣúgà pupa. Fún mi ṣúgà ìdajì ohun tí wọ́n bá kọ sí ìwé ló tó, èmi ò mọ ẹni tó kọ́ wọn pé ẹ̀wà ni ẹ̀kọ ọmọdé.

Búrẹ́dì àgbàdo ló gbẹ̀yìn, torí òun fẹ́ iná gbígbóná, 425, ìṣẹ́jú 20 sí 25. Agbada irin dúdú yẹn ni kó o lò, fi bọ́tà sínú ẹ̀, jẹ́ kó gbóná nínú ófùn kó o tó da pípò ẹ̀ sí i, ó gbọ́dọ̀ dún ṣààà. Má da ṣúgà púpọ̀ sí i níwájú àwọn ará Gúúsù o, ìjà ni.

mama_kehinde_ldn

Coleslaw ò sì gbọdọ̀ rí bí ti òde ìgbéyàwó wa, tí wọ́n á da salad cream sí i látàárọ̀ tó fi máa di aago 4 tó ti di odò. Gé kébéèjì, wọ́n iyọ̀ sí i, fi sílẹ̀ bíi wákàtí kan nínú asẹ́, á pọ omi jáde, fún omi yẹn dànù, ìgbà tí àlejò bá ti ń kan ilẹ̀kùn ni kó o po sọ́ọ̀sì ẹ̀ mọ́ ọn.

omo_agege

Ẹ̀yin ará òkè òkun ẹ ń gbádùn o. Àwa tí a wà nílé ńkọ́? Èmi á lọ ra ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Àró, ẹran tútù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ófùn wákàtí 12, gáàsì ta ni? Iná ìjọba ta ni? Mo ní ìkòkò irin ńlá tí mò ń fi iyanrìn yan kéèkì, mo sì ní èédú. Ṣé ó lè ṣe?

baba_eedu

Ó lè ṣe dáadáa, àbúrò. Wọn ò ní ófùn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níbí náà, kòtò ni wọ́n gbẹ́, àwọn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì dúró ti iná púpọ̀ nínú ẹ̀. Gé èjìká yẹn kó má ju kílò kan àbọ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí 12 á di 5 tàbí 6. Yọ iyanrìn, to òkúta mẹ́ta sísàlẹ̀ ìkòkò, gbé tíréè lé e, ẹran lórí tíréè, dé e, èédú díẹ̀ sábẹ́, díẹ̀ sórí ìdérí. Díẹ̀ ni mo wí o. Ìta gbangba sì ni, kì í ṣe nínú kíṣìnì tí fèrèsé ti pa. Afẹ́fẹ́ èédú kì í rùn, kì í sọ̀rọ̀, ó máa ń pa odindi ìdílé lójú oorun.

Àǹtí Abẹ̀kẹ́, mo gbàgbé sọ́ọ̀sì. Raleigh yín yẹn, ọwọ́ ìlà oòrùn ni wọ́n ń tẹ̀ lé jù, fíníga àti ata ni tiwọn, kò sí tòmátò níbẹ̀. Ẹ lọ sí Lexington ẹ máa bá kẹ́ṣọ́ọ̀pù díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ sọdá sí South Carolina ẹ máa bá mọ́sítáàdì. Sọ́ọ̀sì dúdú tó ki tó dùn bí oyin, Kansas City lẹ ti máa bá ìyẹn. Fíníga ápù kọ́ọ̀bù 2, ata gígún oníhóró ṣíbí ọbẹ̀ 1, ṣúgà ṣíbí ọbẹ̀ 1, iyọ̀ ṣíbí tíì 2, black pepper. Ẹ gbọ̀n ọ́n pọ̀ nínú ìgò láti ọjọ́bọ̀, kó mọra wọn. Tí ẹ bá ti fa ẹran ya, ẹ da omi tó wà nínú fóìlì padà sí i (ẹ kọ́kọ́ bu ọ̀rá orí ẹ̀ kúrò), kí ẹ tó wá wọ́n fíníga.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, kó má ju wákàtí 2 lọ lórí tábìlì, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú abọ́ kí ẹ gbé e wọ fíríìjì. Mo mọ̀ wá, ìkòkò jollof máa ń sùn lórí sìtóòfù mọ́jú.

abeke_nc

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé o! Lónìí Sọ́ńdè ni mo ń kọ èyí, ẹsẹ̀ ń ro mí.

Mo jí ní aago 4 ku ìṣẹ́jú 10. Aago 9 kọjá díẹ̀, ó dé 158, ó dúró. Mo ní hẹn, òun rèé. Aago 10, 158. Aago 11, 157!! Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tó, tí bàbá ti sọ ọ́ fún mi ní kedere, ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì ófùn kí n gbé iná sókè, àfìgbà tí mo rántí àmù. Mo wé e ní fóìlì, mo lọ jókòó sí pálọ̀ kí n má baà rí i. Aago 2 àbọ̀ ó ti di 201, mo di eegun yẹn mú báyìí, ó tẹ̀lé mi bí ẹni tó ti ń dúró kí n wá mú òun. Mo pariwo débi pé ọkọ mi sáré wọlé, ó rò pé iná ló jó mi.

Nínú wọn ọkùnrin àgbà kan wà, ó wo fíníga yẹn, ó tọ́ ọ wò, ó bu ẹran, kò sọ nǹkan kan, mo ń gbọ̀n. Ó jẹ tán ó tún gbé àwo ẹ̀ dìde, ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá kan ní Durham àtàwọn ìyá kan ní Houston àti London. Ojú ẹ̀ dàrú.

Búrẹ́dì àgbàdo jóná nísàlẹ̀, Alhaja ẹ má bínú, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ níbi tí mo ti ń po coleslaw. Obìnrin kan nínú wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lóòótọ́! Mo ti ṣe chuck roast kékeré kan fún un, òun nìkan kọ́ ló jẹ ẹ́ tán ṣá.

Ó ṣẹ́kù díẹ̀, ọkọ mi ti dà á sórí jollof láàárọ̀ yìí, ó sì ń jẹ ẹ́ láìmu omi.

baba_eedu

Ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni! Eegun yẹn ńkọ́, ẹ ẹ̀ jù ú nù o?

abeke_nc

Ó wà nínú fíríìsà. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ fi sè.

alhaja_htx

Ẹ fi temi sílẹ̀ lọ́tọ̀ o. 😂